Ǹjẹ́ Alárinà Ni Àwọn Òrìṣà? Ìwé Bowen ti Ìjàyè àti Àwọn Tí Ó Tẹ̀ Lé E

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwọn oníwàásù wa àti àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, èyí nì pé àwọn baba wa mọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn òrìṣà ṣe alárinà láàrín ara wọn àti Òun. Bí a ti ń sọ ọ́, ènìyàn yóò rò pé ẹnu àwọn baba náà gan-an ni a ti gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀ nínú ìwé, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ gbangba sì ti Ìjàyè wá, ìlú tí ogun fọ́ ní 1862, tí ó sì jẹ́ ìlú kékeré láàrín àwọn abúlé oko ní ìhà Akínyẹlé lónìí. Ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáradára. Ohun tí a bá gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ni yóò sọ bí a ó ti máa túmọ̀ Ìwé Mímọ́ fún àwọn ọmọ wa, òun náà ni yóò sì sọ irú ọ̀rọ̀ tí a ó máa sọ nípa àwọn òkú wa.

Thomas Jefferson Bowen, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ni ẹni tí ó kọ ìwé náà. Àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà Gúúsù ilẹ̀ náà ni ó rán an wá. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ogun àti ọ̀nà dídí sì dá a dúró ní Abẹ́òkúta fún ìgbà pípẹ́. Ní 1853 ni ó tó tẹ̀dó sí Ìjàyè lábẹ́ Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Ní ọdún kan náà ni Adolphus Mann, ará Jámánì tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán, wọ ìlú náà pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù nítorí Ààrẹ fi di ibi tí ìjọ méjì ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Kristi. Bowen kò pẹ́ níbẹ̀. Ó kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ó padà sí Amẹ́ríkà ní 1856, kò sì tún fojú kan ilẹ̀ Yorùbá mọ́ títí ó fi kú ní 1875. Ní 1857 ni a tẹ ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Central Africa jáde, ní 1858 ni Smithsonian ní Washington sì tẹ ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ.

Ohun tí Bowen sọ nípa ìsìn ilẹ̀ wa lè ya ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ irú ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ nígbà náà lẹ́nu. Ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ni àwọn ènìyàn gbà gbọ́, Ẹlẹ́dàá ohun gbogbo, pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ oore Rẹ̀ àti agbára Rẹ̀ nígbà gbogbo, àti pé èrò wọn nípa Rẹ̀ tọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i, kì í ṣe Ọlọ́run lójú àwọn tí ń bọ wọ́n, bí kò ṣe àwọn tí ó dúró láàrín Ọlọ́run àti ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Àwọn tí ó ń kàwé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ara ìjọ tí ó yapa kúrò lára àwọn arákùnrin rẹ̀ ní 1845 nítorí ọ̀ràn bóyá ẹni tí ó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, láti kà á pé àwọn aláwọ̀ dúdú inú ìlú Kúrunmí ń pe orúkọ Ọlọ́run lọ́jọ́ gbogbo, kí òyìnbó kan tó dé láti kọ́ wọn, kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ni kò fún wa ní ìdajì irú ẹ̀rí yìí.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń ka ìwé gbọ́dọ̀ bèèrè ibi tí òǹkọ̀wé ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bowen jẹ́ oníwàásù. Àwọn Episteli ni ó kún inú rẹ̀, ó sì mọ ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì ní orí kejì lẹ́tà kìn-ín-ní, pé Ọlọ́run kan ni ó wà àti ẹnì kan ṣoṣo láàrín Òun àti ènìyàn. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run kan, tí òrìṣà púpọ̀ sì wà, ó rí àyè tí ó ṣófo nínú ẹsẹ náà, ó sì fi àwọn òrìṣà sí i. Báyìí ni ìsìn àwọn baba wa fi di ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù tí ó kù díẹ̀ kí ó pé: ẹ yọ àwọn alárinà púpọ̀ kúrò, ẹ fi Ẹnì kan náà sí ipò wọn, iṣẹ́ ti parí. Ó dùn-ún wàásù. A kò sì lè dá oníwàásù lẹ́bi pé ó fẹ́ ọ̀nà tí ó kúrú láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń gbọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Olúwa rẹ̀. Ohun tí ó kù fún wa ni láti bèèrè bóyá ọ̀nà náà wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Bowen kọ ìwé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá sí èdè wa, a pè é ní alárinà, a kò sì dúró bi ara wa pé kí ni alárinà jẹ́ nínú ilé wa. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàrín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kí àwọn òbí tó gbọ́. Òun ni ó ń wádìí ìdílé, tí ó ń ru ìtìjú àwọn méjèèjì kiri. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ti mọ ojú ara wọn tán ni iṣẹ́ rẹ̀ dópin, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kọ̀ láti yẹ̀ ẹ́, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ǹjẹ́ ta ni ó tíì gbọ́ rí pé Ṣàngó mú ẹnì kan mọ Ọlọ́run tán, ó sì yẹ̀ ẹ́? Ta ni ó sì lè fara mọ́ ọn pé Olúwa wa mú wa dé ọ̀dọ̀ Baba tán, kò sì sí ohun tí a tún ń fi Í ṣe mọ́? Ọ̀rọ̀ náà kò ba àwọn òrìṣà mu, bẹ́ẹ̀ ni kò ba Kristi mu. Ẹ ka Episteli sí àwọn Hébérù: Ẹni tí a sọ níbẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ kí ó gbé e bọ̀. Òun fúnra Rẹ̀ ni Àlùfáà, Òun fúnra Rẹ̀ sì ni ẹbọ, ó sì wà láàyè láéláé láti máa bẹ̀bẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a sì wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní tòótọ́. Bí a bá ń dágbére fún ara wa lálẹ́, a ń wí pé kí Ọlọ́run jí wa ire. Ẹni tí a rẹ́ jẹ a máa fi ẹjọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn a máa wí pé Ọlọ́run ló mọ̀. Àwọn tí kò tẹ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì rí a máa sọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ òrìṣà kan kọjá kí wọ́n tó lanu. Bowen pẹ̀lú gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí lójoojúmọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni pé kò rí i pé ẹ̀rí tirẹ̀ ń ta ko ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó lè ké pe Ọlọ́run lójú kan náà kò wá alárinà.

Ní ọ̀dọ̀ òrìṣà, ohun mìíràn ni ènìyàn ń wá. Ó ń wá ọmọ, òjò, ìlera, ìṣẹ́gun lórí ọ̀tá, ó sì ń bèèrè wọn lọ́wọ́ òrìṣà náà gan-an, bí ẹni tí ó ní agbára láti fi wọ́n fún un. Òwe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí ọ̀ràn yìí kò ní Ọlọ́run nínú rárá: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń bá alágbára ná ọjà nìyẹn. A kì í bá alárinà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó ní lọ́wọ́ ju iṣẹ́ tí a rán an lọ.

Ṣùgbọ́n a dé ibi tí ó ṣòro wàyí. Bí a bá wá ẹnì kan nínú gbogbo ìsìn ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí Bowen ń wí, Ṣàngó kọ́, Ọbàtálá kọ́, Ògún kọ́. Èṣù ni. Bí babaláwo bá ní kí a rúbọ, a kì í ṣàì yọ ti Èṣù sọ́tọ̀, nítorí òun ni wọ́n gbà pé ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Bí a bá fi tirẹ̀ dù ú, ẹbọ kò gbà. Ẹni náà gan-an ni Bíbélì wa sọ di ọ̀tá Ọlọ́run àti ènìyàn.

A kò lè bá ọ̀rọ̀ yìí lọ láì dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, nítorí pé ìtumọ̀ Bíbélì ni ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí ó tóbi jù lọ tí a tíì kọ ní èdè yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ti jáde láti 1843, Episteli sí àwọn ará Róòmù tí ó túmọ̀ sì jáde ní 1850, kí Bowen tó ní ilé ní Ìjàyè. Òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń bá a lọ títí odindi Bíbélì fi parí ní 1884. Ẹni tí ó bá kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn yóò rí ohun kan tí ó yẹ fún àròjinlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ẹni tí ń sìn ní pẹpẹ, wọ́n fo àwòrò ilé òrìṣà dá, wọ́n sì mú àlùfáà láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí náà ni a ti rí wòlíì, àdúrà àti ìwàásù. Kì í ṣe pé wọn kò mú ohunkóhun nínú ilé òrìṣà. Ẹbọ àti ètùtù wà nínú Bíbélì wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé wọ́n wà níbẹ̀, nítorí láìsí wọn a kì bá tí lóye Léfítíkù rárá. Ṣùgbọ́n fún àwọn ènìyàn mímọ́ àti iṣẹ́ wọn, wọ́n yẹra fún ilé òrìṣà, àfi ìgbà tí wọ́n dé orí ẹni ibi, tí wọ́n sì wọlé tààrà lọ mú orúkọ kan jáde.

A mọ ìdí rẹ̀. Èṣù ni ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrín ọ̀rẹ́ méjì, tí a sì ń bẹ̀ kí ó má ṣe ẹni. Ó rọrùn láti ṣe é ní ẹni ibi. Àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà, láti ìjọ gbogbo, ni ó sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: bí ìwé Bowen ti ń sọ fún wa pé àwọn òrìṣà jẹ́ alárinà, bẹ́ẹ̀ ni èdè ìjọ ti mú ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń ṣe nǹkan bí iṣẹ́ alárinà nínú wọn, ó sì ti sọ ọ́ di Bìlísì. Ẹni tí ó bá gba méjèèjì pọ̀ ti gba ohun tí kò lè dúró pọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó tún kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí kò gba Bowen gbọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. E. M. Lijadu, ajíhìnrere ní ìhà Oǹdó, tẹ ìwé kan lórí Ifá jáde ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì tẹ èkejì, èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ Ọ̀rúnmìlà, jáde ní 1908. Ó fi Ìwé Mímọ́ wọn Ifá, kò sì sí iyèméjì ibi tí ìdájọ́ rẹ̀ fì sí. Èyí tí ó mú kí a fẹ́ràn rẹ̀ ju Bowen lọ ni pé ní Yorùbá ni ó kọ̀wé, ó sì tẹ àwọn ẹsẹ Ifá fúnra wọn sójú ìwé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lè ka ẹsẹ náà kí ó sì bá a jiyàn. A kò lè bá Bowen jiyàn bẹ́ẹ̀, nítorí èdè rẹ̀ ni ó fi sọ ohun tí àwọn ará Ìjàyè wí.

Ìwé Bolaji Idowu, Olódùmarè, tí ó jáde ní 1962, ni a mọ̀ jù lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn sì ti fi í ṣe àtẹ̀gùn. Mẹ́tọ́díìsì ni Idowu, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó wá di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà. Kò pe àwọn òrìṣà ní alárinà lásán. Ó ní ìránṣẹ́ Olódùmarè ni wọ́n, tí olúkúlùkù ní ẹ̀ka iṣẹ́ tirẹ̀ bí àwọn ìjòyè lábẹ́ ọba. Lójú tiwa, èyí sún mọ́ òtítọ́ ju ti Bowen lọ, nítorí ìjòyè ní àṣẹ tirẹ̀, a sì lè bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a rán náà ṣì ń fún ara ní ibì kan. Okot p'Bitek, ará Ùgáńdà, kọ̀wé ní 1970 láti fi ẹ̀sùn kan àwọn ọ̀mọ̀wé Kristẹni ilẹ̀ Áfíríkà pé wọ́n ń fi aṣọ àwọn Gíríìkì wọ àwọn òrìṣà ilẹ̀ wọn. Ẹ̀sùn náà le jù fún Idowu, ẹni tí ó mọ oríkì àti ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ a kò lè sọ pé kò bá a rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé náà ń ṣètò ohun tí àwọn olùsìn fúnra wọn kò tò. Ìjòyè Ọ̀yọ́ kò pọ̀ tó òrìṣà, ààfin ọba kò sì dàrú tó bẹ́ẹ̀.

Níbi tí Idowu ti ṣe wá lóore jù lọ ni orí ọ̀rọ̀ Èṣù. Ó sọ pé Èṣù kì í ṣe Bìlísì inú Májẹ̀mú Titun. Bí a óò bá fi wé ẹnikẹ́ni nínú Bíbélì, ó ní, Sátánì inú ìwé Jóòbù ni, ẹni tí ó wá síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú àwọn mìíràn, tí kò sì ṣe ohunkóhun ju èyí tí a gbà á láyè láti ṣe. Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ní Jóòbù orí kìn-ín-ní, níbi tí orúkọ Èṣù ì bá ti bá ọ̀rọ̀ mu díẹ̀, Sátánì ni àwọn olùtumọ̀ kọ. Ní Mátíù orí kẹrin, níbi tí ẹni ibi ti ń dán Olúwa wò ní aginjù, níbi tí orúkọ Èṣù kò ti bá a mu, Èṣù ni wọ́n kọ. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fà á. Èdè Hébérù ni ó ní Sátánì ní ibi kan, èdè Gíríìkì sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn ní ibi kejì, wọ́n sì tẹ̀ lé olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ibi méjèèjì fún àwọn ọmọ láìṣe àlàyé ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa òrìṣà kan láìmọ̀ pé òun ń kọ́ wọn.

Àwọn kan yóò wí pé ó ti pẹ́ jù, pé Èṣù ti di Bìlísì ní ẹnu Kristẹni àti Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí yóò tún Bíbélì tẹ̀ nítorí rẹ̀. A kò bèèrè pé kí a tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa yí padà, èyí sì ti yí. A ń bèèrè pé kí olùkọ́ mọ̀ pé ó ti yí, kí ó má bàa dúró níwájú àwọn ọmọ kí ó wí pé àwọn baba ńlá wọn ń bọ Sátánì. Wọn kò bọ Sátánì. Wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni kí ó má ṣe wí pé Ṣàngó jẹ́ fún wọn ohun tí Jésù jẹ́ fún wa, nítorí èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkejì yìí ni ó léwu jù, nítorí ó dà bí ìwà pẹ̀lẹ́. Ó ń fi ọlá fún àwọn baba nípa pípa ohun tí wọ́n sọ rẹ́, kí wọ́n lè dà bí àwa.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí nira ju ti ìlú mìíràn lọ ni pé a kò lè padà lọ bi àwọn tí Bowen bi. Àtìbà Aláàfin kú ní 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní ọba, nítorí Àrẹ̀mọ ni, ó sì tọ́ lójú rẹ̀ kí ó bá baba rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní 1860 ni ogun Ìbàdàn dé. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1862, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tú ká. A kó àwọn kan lẹ́rú, àwọn mìíràn sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí orúkọ Ìjàyè ṣì wà di òní. Àwọn Onítẹ̀bọmi méjì, Phillips àti Stone, ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ebi ogun ń pa. Stone kọ ìwé tirẹ̀ ní 1899. Ó dára fún ìtàn ogun náà, ṣùgbọ́n kò fi púpọ̀ kún ohun tí a mọ̀ nípa ìgbàgbọ́. Nípa ogun, ìwé Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921 ni kí olùkọ́ kà.

Nítorí náà ìwé Bowen ti 1857 ṣe iyebíye, pẹ̀lú àbùkù rẹ̀ gbogbo. Ó gbọ́ àwọn ará Ìjàyè nígbà tí ìlú náà ṣì wà. Bí a bá fẹ́ lò ó ní kíláàsì, kí a ka ibi tí ó ti ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń wí nípa Ọlọ́run, kí a kà á ní kíkún, kí a sì dúró kí a tó dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí i sọ ohun tí àwọn òrìṣà jẹ́. Níbẹ̀ ni kí a ti gbé Lijadu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a sì ka ẹsẹ Ifá kan sókè.